Tremblay ló kún Chicoutimi fọ́fọ́: ṣé ọmọ bàbá kan náà ni gbogbo wọn?

OmoObokun_Saguenay

Ẹ kú déédéé ìwòyí o ẹ̀yin ará ilé. Ọ̀rọ̀ kan ń pa mí lẹ́rìn-ín látìgbà tí mo ti dé ibí, mo ní kí n kúkú gbé e wá síbí. Mo kó wá sí Chicoutimi lóṣù kẹsàn-án. Ẹni tí ò bá mọ̀ ọ́n, inú Québec ló wà, téèyàn bá kúrò nílùú Québec gan-an tó forí lé òkè, bíi kìlómítà 200 ni, igbó àti yìnyín nìkan lẹ ó máa wò títí ẹ ó fi débẹ̀. Mo ríṣẹ́ alẹ́ sí ilé ìkẹ́rùsí kan. Lọ́jọ́ kejì wọ́n lẹ orúkọ àwọn tó máa wọṣẹ́ lọ́sẹ̀ náà mọ́ ara ògiri, èmi náà lọ wo tèmi. Èèyàn 31. Mo ka Tremblay, wọ́n jẹ́ 9! Mo tún un kà, 9 náà ni.

Mo ti ní ọ̀gá wa ló kó ẹbí ẹ̀ wá síṣẹ́, ṣebí a mọ̀ ọ́n bẹ́ẹ̀ nílé, àmọ́ Gagnon ni ọ̀gá ń jẹ́. Nígbà tílẹ̀ mọ́ tá à ń pààrọ̀ aṣọ, ẹnì kan pariwo "Tremblay!" látẹnu ọ̀nà, orí mẹ́rin ló yí padà lẹ́ẹ̀kan náà. Ọ̀kan ń wa fọ́kílífìtì, ọ̀kan dúdú nírun, ọ̀kan pupa nírun bí iná, wọn ò jọra rárá. Onílé mi Tremblay, ẹni tó yọ eyín fún mi Tremblay. Jean Tremblay tó ṣe olórí ìlú Saguenay, ìlú tí Chicoutimi wà nínú ẹ̀, láti 2002 dé 2017 náà ńkọ́.

Mo bi ọ̀kan nínú wọn pé ṣé ẹbí ni yín, ó ní "bẹ́ẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ kọ́." Ìdáhùn wo nìyẹn? Ẹ ràn mí lọ́wọ́, ta ló mọ ìtàn orúkọ yìí?

IyaIbeji_Longueuil

Hahahaha káàbọ̀ o! Orúkọ yẹn ló pọ̀ jù ní gbogbo Québec, bí ẹ bá kó èèyàn 100 jọ ẹyọ kan á fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ Tremblay. Ṣùgbọ́n lápá tiyín lọ́hùn-ún ló ti wá pọ̀ kọjá sísọ. Ṣé ẹ ti jẹ blueberry wọn, "Bleuet" ni wọ́n ń fi pe ọmọ ibẹ̀ ṣeré.

Omo_Eko_Gidi

Orúkọ lásán ni jàre. Ẹ lọ sí Ọ̀yọ́, Ìbàdàn, Òṣogbo, ẹ pe Adébáyọ̀, igba èèyàn ló máa dáhùn, ta ló wá ní wọ́n jẹ́ ẹbí? Òyìnbó náà bẹ́ẹ̀.

BabaAkosile_Ottawa

Àbúrò Ọmọ Obòkun, ìbéèrè gidi lo bi. Ìwọ Ọmọ Èkó, ọ̀rọ̀ rẹ á tọ̀nà lórí orúkọ púpọ̀, ṣùgbọ́n lórí eléyìí o ti ṣìnà. Ọmọ mi ọkùnrin fẹ́ ọmọ ibẹ̀, Tremblay ni ìyá ìyàwó ẹ̀, látìgbà náà ni mo ti ń ka ìtàn wọn, kí n má wulẹ̀ jókòó bí ère tí wọ́n bá ń pa á lórí tábìlì oúnjẹ.

Gbogbo Tremblay tó wà ní Kánádà àti Amẹ́ríkà, ká sọ pé gbogbo wọn tán, ọkùnrin kan àtobìnrin kan ló bí wọn. Ọkùnrin náà ni Pierre Tremblay. Ọdún 1626 ni wọ́n bí i ní Randonnai, abúlé kan ní agbègbè Perche, ní Faransé, ìwọ̀-oòrùn Paris, ó bá Normandy pààlà. Philibert ni bàbá ẹ̀, Jeanne Coignet ni ìyá ẹ̀. Lọ́dún 1647 ló wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí Québec, ọmọ ọdún 21 nígbà yẹn. Kì í ṣe ọlọ́lá o, ẹ má jẹ́ kẹ́nikẹ́ni purọ́ oyè fún yín. Àdéhùn iṣẹ́ ló gbà lọ́wọ́ ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Noël Juchereau. Ẹni tó bá gba irú àdéhùn yẹn, ọdún mẹ́ta ló máa ń fi sìn, wọ́n á san owó ọkọ̀ fún un, wọ́n á bọ́ ọ, wọ́n á fún un lówó táṣẹ́rẹ́, tó bá pé ó lè padà sílé tó bá wù ú. Ọ̀pọ̀ ló padà torí òtútù ò ṣeé bá ṣeré, omi odò á dì gbagidi. Pierre ò padà.

Ẹ lè ní kí ló dé tó jẹ́ Perche, torí agbègbè kékeré ni. Ẹnì kan ló ṣáájú. Robert Giffard, oníṣègùn láti Mortagne ní Perche, ló gba ilẹ̀ Beauport létí ìlú Québec lọ́dún 1634, ó wá padà lọ ń ké sí àwọn ará ilé ẹ̀. Ẹ̀yin náà mọ bó ṣe ń rí, ẹni tó bá ti dé Peckham ni ẹ̀gbọ́n, àbúrò, ọ̀rẹ́ àbúrò, ọmọ alájọgbé á máa wá bá.

Ní ọjọ́ 2 oṣù kẹwàá 1657 ni Pierre gbé Ozanne Achon níyàwó nílùú Québec. Ozanne ò wá láti Perche, Aunis ló ti wá, lẹ́bàá La Rochelle, ọdún tó dé gan-an ló relé ọkọ. Wọ́n bí ọmọ 12. Wọ́n ń dáko ní L'Ange-Gardien, etí odò Saint-Laurent, nísàlẹ̀ ìlú Québec. Nínú àwọn ọmọkùnrin, mẹ́rin ló mú orúkọ náà lọ síwájú: Pierre kejì, Michel, Jacques àti Louis. Láti ara àwọn mẹ́rin yìí ni gbogbo àwọn tó wà lára ògiri yín ti wá, àwọn 9 yẹn. Nítorí náà "bẹ́ẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ kọ́" tí wọ́n sọ fún ọ, òótọ́ ni. Ẹbí ni wọ́n, àmọ́ kò sẹ́ni tó máa pe ẹnì kejì síbi ìsìnkú.

Omo_Eko_Gidi

Bàbá, ẹ má bínú o. Àmọ́ ta ló kọ gbogbo eléyìí sílẹ̀ látọdún 1647 títí dòní? Kó má jẹ́ pé wọ́n jókòó sídìí tábìlì hun ún ni.

Ajase_Boy229

Ẹ kú ìjókòó. Àjàṣẹ́ ni mo wà (Porto-Novo), Faransé la fi kàwé níbí kí n dá sí i díẹ̀. Orúkọ yẹn, igi ni. Igi kan wà ní Yúróòpù tó ń jẹ́ tremble, a ò ní in nílẹ̀ wa, ọ̀pá ewé ẹ̀ fẹ́ẹ́rẹ́ ó sì rí pẹlẹbẹ, atẹ́gùn ò tíì fẹ́ tán ewé ti ń gbọ̀n rìrì. Ohun tó ń gbọ̀n náà ni wọ́n ń pè ní tremulus ní Látìnì. Tí wọ́n bá fi -ay sí ìdí ẹ̀, ó di ibi tí igi náà pọ̀ sí. Bí ẹni ń pe ibì kan ní Ìdí-Arère ni. Nítorí náà Tremblay kì í kọ́kọ́ ṣe orúkọ èèyàn, orúkọ ilẹ̀ ni, ẹni tó bá wá láti ibẹ̀ ni wọ́n á máa pè bẹ́ẹ̀ tó bá dé ìlú mìíràn.

Ibi tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ sì pọ̀ ní Faransé. Tremblay-en-France wà lápá àríwá Paris, pápákọ̀ òfurufú Charles de Gaulle wà lórí apá kan ilẹ̀ ẹ̀, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti gba Paris kọjá ti fẹsẹ̀ tẹ Tremblay ẹ ò sì mọ̀ 😂

BabaAkosile_Ottawa

Ọmọ Àjàṣẹ́ o ṣeun, ìwọ lo la ọ̀nà. Ìyẹn náà ló fà á tí Tremblay tó ń gbé Faransé lónìí ò fi ní láti bá Pierre tan rárá, ibi tí igi yẹn hù sí kì í ṣe ọ̀kan. Ẹ tún wá wo nǹkan ìyanu, ní Faransé fúnra ẹ̀ orúkọ náà ò pọ̀ tó bẹ́ẹ̀, àjò ló ti lọ bímọ. Randonnai ò tiẹ̀ dá dúró mọ́, láti 2016 ló ti wọ inú Tourouvre au Perche pẹ̀lú àwọn abúlé mìíràn.

Ọmọ Èkó, ẹni tó kọ ọ́ sílẹ̀ ni fáda. Lọ́dún 1539 ni ọba Faransé ti pàṣẹ pé kí fáda máa kọ orúkọ gbogbo ọmọ tó bá ṣe ìrìbọmi. Lọ́dún 1667 òfin mìíràn tún jáde pé kó jẹ́ ẹ̀dà méjì, ọ̀kan á wà ní ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n á kó ìkejì lọ sí kóòtù. Tí iná bá jó ọ̀kan, ìkejì wà. Lọ́dún 1666 Jean Talon, aṣojú ọba Faransé níbẹ̀, ka gbogbo àwọn Faransé tó wà ní Québec nígbà náà, ilé dé ilé, èèyàn 3,215 péré ló rí yàtọ̀ sáwọn ṣọ́jà, Pierre àti Ozanne wà níbẹ̀. Àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n wá kó gbogbo ìwé ìgbéyàwó, ìrìbọmi àti ìsìnkú sórí kọ̀ǹpútà. Ní Montréal wọ́n ń pe tiwọn ní PRDH, ní Chicoutimi níbi tí àbúrò wa wà ló tún ti ní BALSAC, látọdún 1972.

Orúkọ mìíràn ò rí báyìí o. Roy pọ̀ gan-an ní Québec, àmọ́ àwọn tó kọ́kọ́ jẹ́ ẹ níbẹ̀ ju ọ̀kan lọ, wọn ò sì bára wọn tan. Gagnon ọ̀gá rẹ yẹn, àwọn ẹ̀gbọ́n àtàbúrò ló jọ wá, láti Perche kan náà. Tremblay nìkan ni ó pọ̀ tó báyìí tó sì tún jẹ́ orísun kan ṣoṣo.

Omo_Eko_Gidi

Ó dáa, mo ti gbà. Mo dọ̀bálẹ̀ bàbá.

IyaIbeji_Longueuil

Gbogbo yín ń pariwo Pierre, Pierre. Ọmọ 12 yẹn, Pierre ló lóyún wọn? Ozanne Achon ni kẹ́ ẹ máa pè! Obìnrin wọ ọkọ̀ látetí La Rochelle, ó dé ibi tí ò mọ ẹnì kankan, ọdún yẹn náà ó ti wọlé ọkọ, ó wá bímọ 12 láàrin yìnyín láìsí ọsibítù tó gbọ́n, orúkọ ẹlòmíì ni wọ́n wá fi pe gbogbo wọn. Ṣé wọ́n kó o wá lára àwọn ọmọbìnrin ọba tí wọ́n máa ń sọ yẹn ni?

BabaAkosile_Ottawa

Ìyá Ìbejì mo túúbá o 😂 òótọ́ lẹ sọ. Rárá, kò sí lára wọn. Àwọn tí wọ́n ń pè ní filles du roi, ọba ló san owó ọkọ̀ fún wọn, ọdún 1663 sí 1673 ni wọ́n wá, bí ọgọ́rùn-ún mẹ́jọ, Ozanne ti ṣáájú wọn débẹ̀. Ó sì pẹ́ láyé ju ọkọ ẹ̀ lọ dáadáa, 1707 ló kú ní L'Ange-Gardien, ó ti rí ọmọ-ọmọ rẹpẹtẹ.

Ajase_Boy229

Ẹ jẹ́ kí n fi ẹ̀rín kan kún un. Ìmìtìtì ilẹ̀, tremblement de terre ni a ń pè é. Lóṣù kejì 1663, ilẹ̀ mì lápá Charlevoix, agbègbè kan ní Québec, lọ́nà tó burú, òkè ya lulẹ̀ sínú odò. Ibẹ̀ ni wọ́n wá ń pè ní Les Éboulements, ìyẹn ibi tí ilẹ̀ ti ya. Ta ló wá lọ di olówó ilẹ̀ níbẹ̀ nígbà tó yá? Tremblay!! Orúkọ ló wá ibi tó bá a mu lọ 🤣

BabaAkosile_Ottawa

Ó kúkú rí bẹ́ẹ̀. Pierre kejì, ọmọ Ozanne, ló gba oyè onílẹ̀ Les Éboulements lọ́dún 1710.

Ó yẹ kí n sọ bí wọ́n ṣe dé ọ̀dọ̀ àbúrò wa lókè torí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ni gbogbo ẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń pín oko níbẹ̀, wọ́n á fún ọ ní tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó bẹ̀rẹ̀ láti etí odò tó sì lọ sẹ́yìn jìnnà, kí kálukú lè débi omi, torí odò lọ̀nà, títì ò sí. Tí bàbá bá bí ọmọkùnrin mẹ́fà, tẹ́ẹ́rẹ́ ò ṣeé pín sí mẹ́fà, á wá di okùn. Nítorí náà àwọn ọmọ ń bá etí odò lọ, wọ́n lọ sí Petite-Rivière, Baie-Saint-Paul, Les Éboulements, erékùṣù Île aux Coudres, La Malbaie. Ìgbà tó fi máa di bí 1830, ilẹ̀ tó ṣeé ro ti tán ní Charlevoix, òkè lókù.

Saguenay wà lẹ́yìn òkè, ilẹ̀ rẹpẹtẹ, àmọ́ ìjọba ti há a fún iléeṣẹ́ tó ń ra awọ ẹranko, Hudson's Bay Company, wọn ò fẹ́ àgbẹ̀ níbẹ̀. Kí làwọn ará La Malbaie wá ṣe? Àwọn 21 dáwó jọ, wọ́n fi gba ìwé àṣẹ pé igi páìnì làwọn fẹ́ gé. Lóṣù kẹfà 1838 wọ́n wọ ọkọ̀, wọ́n dé Grande-Baie, tó ti di ara ìlú Saguenay báyìí. Wọ́n gé igi lóòótọ́, wọ́n ń tà á fún William Price, oníṣòwò igi, ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe ń gé igi ni wọ́n ń kọ́lé, tí wọ́n ń gbin ọ̀dùnkún, tí wọ́n ń kó ìyàwó wá. Nígbà tíjọba fi máa lajú, ìlú ti dúró. Olórí wọn ni Alexis Tremblay, tí wọ́n ń pè ní Picoté.

Wura_Ilesa

Picoté ńkọ́? Kí nìtúmọ̀ ẹ̀?

Ajase_Boy229

Ẹni tí ojú ẹ̀ ní àpá bí ti ìgbóná, tó kún fún ihò wẹ́wẹ́.

OmoObokun_Saguenay

Ẹ̀yin ará ẹ ṣeun gan-an, ibi iṣẹ́ ni mo ti ń kà á. Ohun tí ẹ sọ yẹn là mí lójú, torí èmi náà rí i pé kò sẹ́ni tó ń pe ẹnikẹ́ni ní Tremblay níbi iṣẹ́, àfi àjèjì tàbí ẹni tó ń bínú. Ọ̀kan ni wọ́n ń pè ní Ẹni Gíga, ọ̀kan ni wọ́n fi orúkọ bàbá ẹ̀ àti ti bàbá bàbá ẹ̀ kún tiẹ̀ nínú. Àwọn alàgbà wọn gan-an máa ń bi mí pé "ọmọ ta ni ọ́?" bí ẹni pé mo máa lè sọ ọ́ kó yé wọn.

Wura_Ilesa

Bí nílé wa náà. Ẹ jọ̀ọ́ èmi ní ìbéèrè kan o, bí gbogbo wọn bá jẹ́ ọmọ bàbá kan, báwo ni wọ́n ṣe ń fẹ́ra wọn? Ṣé Tremblay lè fẹ́ Tremblay? Lọ́dọ̀ tiwa èèwọ̀ ni, ìyá mi àgbà á ní kí wọ́n lọ wádìí ìdílé kí wọ́n tó gbọ́ orúkọ ẹlòmíì.

BabaAkosile_Ottawa

Wọ́n ń fẹ́ra wọn dáadáa. Ṣọ́ọ̀ṣì Àgùdà náà ní èèwọ̀ tiẹ̀, láyé àtijọ́ tẹ́ ẹ bá jọ ní bàbá àgbà kan náà dé ìran kẹrin ẹ ò gbọdọ̀ fẹ́ra, àyàfi tí bíṣọ́ọ̀bù bá fọwọ́ sí i. Fáda á wá kọ ọ́ sínú rẹ́jísítà pé a yọ̀ǹda fún wọn, ìran kẹta sí ìkẹrin. Lọ́dún 1917 ni wọ́n dín in kù sí ìran kẹta. Àwọn tó ń wá orísun ẹbí fẹ́ràn ìwé yẹn ju ti ìrìbọmi lọ torí òun ló ń tú àṣírí ẹni tó bá ẹni tan.

Noosi_Bisi

Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé ìdí nìyẹn tí àìsàn fi pọ̀ lọ́dọ̀ wọn, ẹ jẹ́ kí n dá sí i, nọ́ọ̀sì ni mí ní Québec. Gbogbo èèyàn ló ń pa ìtàn yẹn pé wọ́n ń fẹ́ ẹ̀gbọ́n àtàbúrò. Irọ́ ni. Àwọn olùwádìí fi BALSAC yẹ̀ ẹ́ wò, ìgbéyàwó láàárín ẹbí tímọ́tímọ́ ò pọ̀ ní Saguenay ju ibòmíràn ní Québec lọ. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé àwọn tó kọ́kọ́ dé kéré níye, wọ́n bímọ rẹpẹtẹ, bí ẹnì kan nínú wọn bá gbé nǹkan kan sára, á ràn dé ọ̀dọ̀ ẹgbẹẹgbẹ̀rún láìjẹ́ pé wọ́n mọra.

Àpẹẹrẹ: àìsàn kan wà tí àwọn dókítà fi orúkọ Charlevoix àti Saguenay gan-an pè, ARSACS, ẹsẹ̀ ọmọ á máa le, kò ní lè dúró déédéé, ìrìn á máa nira sí i. Ní Saguenay, bí ẹnì 1 nínú 20 ló gbé e sára tí nǹkan kan ò ṣe é. Òmíràn tún wà tó máa ń ba ẹ̀dọ̀ ọmọ ìkókó jẹ́, tyrosinemia, iye bẹ́ẹ̀ náà. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ AS àti AS á mọ ohun tí mo ń sọ. Bí tọkọtìyàwó bá gbé e sára méjèèjì, ìgbà gbogbo tí oyún bá dúró, ìdá kan nínú mẹ́rin ni ewu pé ọmọ á ní àìsàn náà. Ìjọba ń yẹ̀ wọ́n wò lọ́fẹ̀ẹ́ fún àìsàn mẹ́rin. Mo ti rí tọkọtìyàwó tí wọ́n jókòó síwájú mi tí wọ́n ń dúró de èsì, ọkọ ń fi ìka yí òrùka tó wà lọ́wọ́ ìyàwó po, yí i po, kò sọ̀rọ̀. Mo rántí ara mi pẹ̀lú ọkọ mi ní Ìbàdàn, ìwé jẹ́nótáìpù lọ́wọ́.

Àti o, ẹni tí kì í jẹ́ Tremblay náà lè gbé e. Orúkọ ọ̀dọ̀ bàbá là ń jẹ́, ẹ̀jẹ̀ ń bọ̀ láti ìhà gbogbo.

Wura_Ilesa

Ẹ ṣeun nọ́ọ̀sì wa. Mo ti rò ó láìdáa tẹ́lẹ̀.

Olooto_Toronto

Gbogbo yín ti ń sọ ilẹ̀, ilẹ̀. Ta ló nilẹ̀ tẹ́lẹ̀? Àbí inú afẹ́fẹ́ ni wọ́n ti bá a?

BabaAkosile_Ottawa

Àwọn Innu, ọmọ onílẹ̀ ibẹ̀ látayébáyé, ló nilẹ̀, ìbéèrè rẹ tọ́. Chicoutimi gan-an, èdè Innu ni, ibi tí omi ti jìn dé ló túmọ̀ sí, torí ọkọ̀ ńlá ò lè kọjá ibẹ̀. Inú igbó yẹn ni wọ́n ti ń ṣọdẹ, wọ́n ń ta awọ fún Faransé kí àwọn alágẹdú tó dé. Nígbà tí àgbẹ̀ ti gba etí odò tán, lọ́dún 1856 ni wọ́n ya ibì kan sọ́tọ̀ fún wọn létí adágún Saint-Jean, Mashteuiatsh, ibẹ̀ ni wọ́n wà dòní. Nínú ìtàn tí àwọn Tremblay máa ń pa nídìí tábìlì, ẹnu kì í sábà dé ibẹ̀.

Papa_RhodeIsland

Ẹ kúulé o. Mo ń gbé Woonsocket, Rhode Island, àdúgbò mi nìkan, Tremblay méjì, Trombley kan. Ọkùnrin Trombley yẹn ò gbọ́ Faransé kankan, ó ní ìyá àgbà òun ló ń gbàdúrà ní Faransé. Báwo ni wọ́n ṣe débí?

BabaAkosile_Ottawa

Iṣẹ́ aṣọ híhun. Láàárín 1840 sí 1930, bí ọ̀kẹ́ márùnlélógójì, ìyẹn 900,000, ló kúrò ní Québec lọ sí Amẹ́ríkà. Ilẹ̀ tán, owó ò sí, iléeṣẹ́ aṣọ ní Lowell, Manchester, Lewiston, Woonsocket ń wá òṣìṣẹ́, rélùwéè sì ti débẹ̀. Odidi ẹbí á wọ ọkọ̀, bàbá, ìyá, ọmọ ọdún 12, gbogbo wọn á wọ iléeṣẹ́. Ẹni tó ń kọ orúkọ ò gbọ́ Faransé, ohun tí etí ẹ̀ bá gbọ́ ló kọ, ó di Trombley, Trombly, Trumbley. Àwọn kan ti lọ ṣáájú ìyẹn, àwọn Trombley wà lára àwọn tó kọ́kọ́ kọ́lé síbi tó di Bay City ní Michigan.

Trombley àdúgbò yín, bí wọ́n bá tú u dé ìdí, Ozanne ni wọ́n máa bá níbẹ̀.

IyaIbeji_Longueuil

Ọ̀rọ̀ orúkọ yìí ti kàn mí lára. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀, ẹ gbọ́ o, ní Québec látọdún 1981, obìnrin ò lè gba orúkọ ọkọ mọ́ lórí ìwé ìjọba, orúkọ tí wọ́n fi bí ẹ lo máa jẹ́ títí. Nígbà tí mo dé, mo ti jẹ́ orúkọ ọkọ mi fún ọdún mẹ́jọ, páṣípọ́ọ̀tù, sátífíkéètì, gbogbo ẹ̀. Níbi tí mo ti ń ṣe káàdì, ọmọbìnrin tó wà nídìí kọ̀ǹpútà ń wò mí, ó ní "madame, ta ni ẹni yìí? ta sì ni ẹni yẹn?", orúkọ méjèèjì tèmi ni! Mo gbé sátífíkéètì ìgbéyàwó jáde, ó tún béèrè ti ìbí. Ìgbà mẹ́ta ni mo padà lọ.

Ṣùgbọ́n ó ní ibi tó dáa sí. Ọmọ lè jẹ́ ti bàbá àti ti ìyá pọ̀, méjì kò gbọdọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọ̀rẹ́ mi kan fẹ́ ọmọ Tremblay, ọmọ wọn ń jẹ́ Adéoyè-Tremblay, tí wọ́n bá pe orúkọ ní kíláàsì, àwọn tíṣà á kọ́kọ́ dákẹ́ díẹ̀ lórí Adéoyè, wọ́n á wá fi ayọ̀ sáré pe Tremblay 😂

Fan_Boolu

Ẹ má gbàgbé họ́kì! Montreal Canadiens ní J.C. Tremblay, wọ́n ní Gilles Tremblay lásìkò kan náà, wọ́n tún wá ní Mario Tremblay ọmọ Alma. Asọ̀rọ̀ lórí rédíò á ti ní ìṣòro.

OmoObokun_Saguenay

Mo padà dé o, mo ní ìròyìn. Lálẹ́ àná mo bá èyí tó pupa nírun jókòó lásìkò ìsinmi, mo ní "Pierre àti Ozanne, 1657." Sáńdíwìṣì dúró lẹ́nu ẹ̀. Ó ní ta ló sọ fún ẹ? Mo ní àwọn ẹ̀gbọ́n mi ni (ẹ̀yin nìyẹn).

Ó bá mú fóònù jáde, ó fi fọ́tò kan hàn mí, ìwé kan tí wọ́n fi gíláàsì bò sára ògiri pálọ̀ ìyá ẹ̀. Mo rò pé mo máa rí igi tó ní ẹ̀ka, àmọ́ ìlà lásán ni, ìlà 11, ìgbéyàwó kan lórí ìlà kọ̀ọ̀kan, ọkọ, ìyàwó, ọjọ́, ṣọ́ọ̀ṣì. Láti òkè wá sílẹ̀ mò ń ka orúkọ ìlú: Québec, L'Ange-Gardien, Petite-Rivière, Les Éboulements, ó tún jẹ́ Les Éboulements, La Malbaie, Grande-Baie, Chicoutimi, Chicoutimi, Chicoutimi, Jonquière. Bí bàbá ṣe pa á gẹ́lẹ́! Àwọn ìyàwó, mo rí Gagnon, mo rí Bouchard, mo rí Simard, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo rí Tremblay. Mo ní ìwọ àti ẹni yẹn ńkọ́, ìyẹn onífọ́kílífìtì. Ó ní àwọn ti jọ tú u wò rí, ọ̀nà mẹ́ta ni wọ́n gbà bára wọn tan, èyí tó sún mọ́ jù ni ìran keje. Ó ní àwọn kì í kíra àwọn lọ́dún Kérésì, ọmọkùnrin náà jẹ òun ní gbèsè 40 dọ́là.

Ó wá yíjú sí mi, ó ní ìwọ ńkọ́, ìlà mélòó lo ní? Mo sọ ti bàbá mi, mo sọ ti bàbá bàbá mi, ó tán. Mo pe bàbá mi ní Iléṣà lójú ẹsẹ̀, aago mẹ́jọ àárọ̀ ni lọ́dọ̀ wọn, mo sọ fóònù síta kí gbogbo wọn máa gbọ́. Wọ́n ní ta ló kú? Mo ní kò séèyàn tó kú, ẹ ka orúkọ àwọn bàbá yín fún mi. Wọ́n ka mẹ́rin, wọ́n wá bọ́ sórí oríkì, wọn ò dúró mọ́, àwọn Tremblay mẹ́ta ti gbé ife kọfí sílẹ̀ wọ́n ń wo fóònù. Nígbà tí wọ́n mí tán, wọ́n ní tó bá jẹ́ èyí tó kù ni mo fẹ́, kí n pe ẹ̀gbọ́n àwọn obìnrin l'Ẹ̀sà-Òkè, àmọ́ kó tó di aago méjìlá ni o, torí wọ́n máa ń sùn lọ́sàn-án.

IyaIbeji_Longueuil

Ṣé o ti pè wọ́n?

OmoObokun_Saguenay

Mo pè, wọ́n ní kí n kọ́kọ́ sọ ìgbà tí mo máa fẹ́yàwó.